Bí a ṣe ń sọ ẹsẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ di tábìlì tí kò ní mì, tí pákó rẹ̀ kò sì ní là

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti dán an wò. Wọ́n á rí ẹsẹ̀ maṣíìnì Singer tàbí Butterfly tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kùn ún, wọ́n á ní kí kápẹ́ńtà kan pákó lé e lórí, wọ́n á sì yà á ní fọ́tò. Lọ́jọ́ náà, ó rẹwà. Kí ọyẹ́ tó kọjá, pákó ti là láàárín, ìpẹtà ti ń ti abẹ́ ọ̀dà jáde, bí ẹ bá sì gbé ife tíì lé tábìlì náà, á máa dà sílẹ̀ nítorí pé ó ń mì lègelège.

Ohun méjì ló ń fà á. Irin ẹsẹ̀ maṣíìnì kì í ṣe irú irin tí wẹ́dà fi ń ṣe géètì. Irin dídà ni: wọ́n yọ́ ọ, wọ́n dà á, ó sì le. Kì í tẹ̀, kíkán ló máa ń kán. Pákó ní tirẹ̀ kì í dúró lójú kan: ó ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá fi agídí mú irin, tí ẹ sì kan pákó mọ́lẹ̀ pinpin, ẹ ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ kí ẹ tó parí rẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni mo gbé wọn kà.

Tábìlì ìkọ̀wé, tàbí èyí tí a ń gbé ti ògiri, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ẹsẹ̀ yìí bá mu jù. Màá fẹnu ba ti báṣíà ìfọwọ́, gíláàsì àti òkúta mábù lẹ́yìn náà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́: maṣíìnì tó bá ṣì ń ránṣọ, ẹ má tú u. Níbi tí iná kì í dúró, télọ̀ ṣì ń fi ẹsẹ̀ wa maṣíìnì jẹun, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀mù sì lè má ní owó tó máa fi ra tuntun. Ẹ tà á fún un, tàbí kí ẹ fi ta á lọ́rẹ. Ẹsẹ̀ tí orí rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe, tàbí tí wọ́n ti yọ orí rẹ̀ lọ, ni ká sọ di tábìlì. Àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù irin kiri máa ń ní in, ẹ lè bá wọn sọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ irin.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Fún irin:
- sípánà oríṣiríṣi, àti sikirudíráfà ńlá tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀
- òróró tí mẹkáníìkì fi ń tú nọ́ọ̀tì tó ti há, WD-40 tàbí irú rẹ̀
- búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà, àti sáńpépà 80, 120 àti 220
- kẹrosíìnì, ọṣẹ ìfọṣọ, fínígà, káún díẹ̀, àkísà púpọ̀
- ọ̀dà pupa ìdènà ìpẹtà tí àwọn wẹ́dà ń pè ní rẹ́ẹ̀dì ọ́sáìdì, àti ọ̀dà olóròóró tó ń dán
- ìbọ̀wọ́, ìbomú àti awò ìdáàbòbò ojú

Fún pákó:
- pákó gbígbẹ tó nípọn tó íǹṣì 1
- igi líle méjì fún ìdábùú, tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 2, tí ó nípọn ní íǹṣì 1
- bóòtù mẹ́rin tó gba ihò etí irin, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti wásà
- súkúrù mìlímítà 40 mẹ́fà, pẹ̀lú wásà tó fẹ̀
- gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà, kílámpù mẹ́ta, fáníìṣì
- dírílì, tépù ìwọ̀n, lẹ́fẹ́ẹ̀lì

Tí ẹ kò bá ní kílámpù àti ìfági, ẹ gbé pákó lọ fún kápẹ́ńtà kó bá yín fá a, kó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé kó má kàn án mọ́ irin. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yẹ irin wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ fi sípánà kékeré lu ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́. Irin dídà tó pé á dún gooro bí agogo, ohùn náà á sì pẹ́ díẹ̀ létí. Èyí tó ti sán á dún pọ̀ọ̀, ohùn rẹ̀ á kú lójú ẹsẹ̀. Bóòtù tó ti tú náà lè pa ohùn, nítorí náà ẹ fún bóòtù le kí ẹ tó dájọ́.

Ibi mẹ́ta ni ẹ gbọdọ̀ wò dáadáa: àwọn etí kéékèèké òkè irin tí súkúrù pákó ń gbà kọjá, ibi tí ọ̀pá pẹ́dà ti wọ inú ẹsẹ̀, àti irin ẹ̀yìn tó gbá ẹsẹ̀ méjèèjì mú, èyí tí wọ́n sábà máa ń da orúkọ ilé iṣẹ́ sí láàárín. Ọ̀rá àti eruku lè bo ìlà tó sán mọ́lẹ̀. Bí ibì kan bá ń mú yín fura, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15, ẹ nù ún gbẹ kanlẹ̀, kí ẹ wá fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì funfun ra á. Kẹrosíìnì tó ti wọ inú ìlà náà á padà jáde, ẹ ó sì rí i bí okùn dúdú tín-ín-rín lójú ẹfun.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Wẹ́dà àdúgbò á ní òun lè jó o pọ̀. Ẹ̀lẹ́kítíróòdù tó fi ń jó géètì kò bá irin dídà mu. Á dà bíi pé ó ti mú, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń tutù ni irin á tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tó jó. Irin dídà ń fẹ́ ẹ̀lẹ́kítíróòdù oníníkẹ́ẹ̀lì tàbí kí wọ́n fi bíráàsì jó o, kí wọ́n kọ́kọ́ mú irin gbóná, kí wọ́n sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀. Bí wẹ́dà yín kò bá mọ èyí, ẹ má fà á lé e lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ etí kan péré ló kán, ẹ má jó o rárá: irin pẹlẹbẹ kékeré tí ẹ fi bóòtù dè síbẹ̀ á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ bá sán, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ wá òmíràn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹsẹ̀ méjèèjì ń dún gooro, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, ẹ kò sì rí ìlà kankan lára ẹfun.

Ìgbésẹ̀ 2: Títú u

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, àti ní abẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, fọ́tò náà ló máa sọ fún yín ẹ̀gbẹ́ tí wásà kan wà.

Bí orí maṣíìnì bá ṣì wà níbẹ̀, orí ìkọ́ méjì ló dúró lé lẹ́yìn. Ẹ tú súkúrù kékeré méjì tó di ìkọ́ náà mú, ẹ dojú orí náà sẹ́yìn, kí ẹ wá gbé e yọ. Ó wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ẹ má jù ú nù. Ẹni tó ń tún maṣíìnì ṣe á yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ wo òmíràn sàn.

Ẹ bọ́ bẹ́líìtì, ẹ dojú ẹsẹ̀ náà délẹ̀ lórí àpò tàbí mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́, kí ẹ tú pákó rẹ̀ láti abẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ tú pẹ́dà, ọ̀pá tó so pẹ́dà mọ́ wíìlì ńlá, àti wíìlì fúnra rẹ̀. Ẹ kó súkúrù ibì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sí i. Irin ẹ̀yìn tó gbá ẹsẹ̀ méjèèjì mú, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà. A máa padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Òòlù. Bóòtù tó ti há fún ogójì ọdún kò ní gbọ́ ti agídí, ẹ̀bá ihò tí bóòtù náà wà ló máa fọ́. Ẹ fi òróró sí i, kí ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ kọ́kọ́ fún un le díẹ̀, bí ìdámẹ́jọ yíyí kan, kí ẹ tó yí i sẹ́yìn. Ẹ máa lọ, kí ẹ máa bọ̀, pẹ̀lú òróró. Bó bá kọ̀, ẹ tún fi òróró sí i, kó tún sun ibẹ̀. Ẹnu sikirudíráfà gbọdọ̀ kún ojú súkúrù dọ́ba, nítorí pé súkúrù àtijọ́ ní ojú kan ṣoṣo, tó bá sì ti fọ́, ó di ẹjọ́ dírílì.

*Àyẹ̀wò:* Ohun tó kù ní ìdúró ni ẹsẹ̀ méjì àti irin ẹ̀yìn nìkan. Gbogbo súkúrù wà nínú ọ̀rá tó lórúkọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Fífọ ọ̀rá àti ìpẹtà kúrò

Ọ̀rá ló kọ́kọ́ máa kúrò, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpẹtà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé sáńpépà, ṣe ló ń fi ọ̀rá kun irin.

Ẹ wo oríta ibi tí ọ̀pá pẹ́dà ti wọ inú ẹsẹ̀. Òróró tí télọ̀ ń kán síbẹ̀ láti ọdún yìí wá ti pò mọ́ òwú àti ìyẹ̀fun aṣọ, ó ti le bí ọ̀dà títì, ẹ sì lè rí fọ́nrán òwú pupa tàbí aláró tó ṣì hàn nínú rẹ̀. Igi ṣóńṣó ni kí ẹ fi họ ọ́, ẹ má lo ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ẹ fi àkísà tí ẹ rẹ sínú kẹrosíìnì nù ún, kí ẹ wá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìta gbangba ni ẹ ti máa ṣe èyí, jìnnà sí ààrò àti sìgá. Àkísà kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná.

Fún ìpẹtà, búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ló máa ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àwọn bóòtù àti ohun kéékèèké, ẹ kó wọn sínú ike, kí ẹ da fínígà bò wọ́n mọ́jú. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ irin wọlé, ẹ fi àkísà tó mu fínígà wé e, kí ẹ fi láílọ́ọ̀nù dì í lórí kí ó má baà gbẹ. Ó yẹ kó kúrò lára irin kí wákàtí 24 tó pé, torí pé ásíìdì náà á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ irin tó mọ́. Tí ẹ bá ti tú u, ẹ fi omi tí ẹ po káún sí ṣan án, káún á pa agbára ásíìdì tó kù. Ẹ tún fi omi lásán ṣan án, ẹ nù ún, kí ẹ sì gbé e sí oòrùn kí ó gbẹ wọnú.

*Ìkìlọ̀ tí mi ò fẹ́ kí ẹ fojú fò:* Bí wọ́n bá ti kun ẹsẹ̀ náà rí lẹ́yìn tó kúrò ní ilé iṣẹ́, ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má fi sáńpépà ra á ní gbígbẹ. Ẹ fi omi tutù rẹ ẹ́ kí ẹ tó ra á, ẹ lo ìbomú, kí ẹ tẹ́ láílọ́ọ̀nù sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ di ohun tó bá já bọ́ sínú láílọ́ọ̀nù náà kí ẹ tó kó o dànù. Aláboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ sí nítòsí.

Ẹ kò ní láti fá a títí yóò fi funfun. Ọ̀dà dúdú ilé iṣẹ́ tó ṣì lẹ̀ mọ́ irin pinpin dára ju ohun tí a máa fi rọ́pò rẹ̀ lọ. Ibi tó bá ń ṣí nìkan ni kí ẹ ṣí, kí ẹ wá fi sáńpépà 120 ra etí rẹ̀ kó lè dọ́gba.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi àkísà funfun tó gbẹ nu irin náà. Kò gbọdọ̀ pọ́n, kò sì gbọdọ̀ ní ọ̀rá lára.

Ìgbésẹ̀ 4: Kíkùn

Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní wákàtí díẹ̀ nígbà òjò. Ọjọ́ tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán náà ni kí ẹ fi rẹ́ẹ̀dì ọ́sáìdì bò ó.

Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ maṣíìnì kún fún òdòdó, ẹ̀ká àti ihò kéékèèké, ọ̀dà tó bá ki á sì dí gbogbo ẹwà yẹn pa. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni ẹ máa fi wọ inú kọ̀rọ̀. Kó gbẹ mọ́jú, ẹ fi sáńpépà 220 ra á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ nù ún, kí ẹ tó fi ọ̀dà tó ń dán kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ kan wà láàárín wọn.

Ní ojú tèmi, dúdú ló yẹ ẹ́ jù. Bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ tó wà láàárín irin ẹ̀yìn yọ, ẹ fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù àti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun orí lẹ́tà nìkan. Àwọn kan fẹ́ràn kí irin wà bẹ́ẹ̀ láìlọ́dà, kí wọ́n kàn fi ìda (wáásì) pa á. Ó lè ṣeé ṣe ní ìlú tó jìnnà sí òkun. Ẹni tó ń gbé Lẹ́kí tàbí Àgbádárìgì kò gbọdọ̀ dán an wò, nítorí pé afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kò ní jẹ́ kó pẹ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Wọ́n máa ń kun ojú ihò tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, pẹ́dà á sì há. Ẹ fi sẹ́lótéèpù bo àwọn ojú ihò náà, gírísì ni oúnjẹ tiwọn. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, ẹ kùn ún nínú yàrá tí ẹ pa fèrèsé rẹ̀ dé sí ọ̀nà tí ẹ̀fúùfù ń gbà, kí ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku lè sùn, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn kan wà ní ṣíṣí kí òórùn ọ̀dà má baà gbé yín.

*Àyẹ̀wò:* Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi èékánná tẹ ibi tó fara sin. Kò gbọdọ̀ ní àpá.

Ìgbésẹ̀ 5: Mímú kí ẹsẹ̀ dúró digbí

Ibí ni iṣẹ́ náà ti ń yẹ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí pé wọ́n máa ń dúró títí pákó fi wà lórí kí wọ́n tó rí i pé ó ń mì. Nígbà yẹn ni wọ́n á wá ká páálí sí abẹ́ ẹsẹ̀ kan, ó parí.

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú ní tòótọ́. Ilẹ̀ oníṣìmẹ́ńtì kì í sábà tẹ́jú, ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó ní ọ̀nà méjèèjì, tàbí kí ẹ tẹ́ pílíwúùdù tó nípọn sílẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lé e, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí igun kan bá ń sọ sókè, ẹ má tíì fi nǹkan sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí irin ẹ̀yìn, kí ẹ dẹ gbogbo bóòtù rẹ̀ ní ìlàjì yíyí kan. Ẹ mi gbogbo rẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ wá ilẹ̀. Nígbà tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti kanlẹ̀, kí ẹnì kan máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹnì kejì máa fún bóòtù. Ẹ fún èyí tó wà lókè lápá ọ̀tún díẹ̀, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ padà sí òkè lápá òsì, ẹ parí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bí vọkanáísà ṣe ń fún nọ́ọ̀tì táyà. Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kó tó le. Ẹni tó bá fún ẹ̀gbẹ́ kan le tán kó tó kan èkejì, ó ti fa ẹsẹ̀ náà wọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí ènìyàn rò pé ó wọ́, bóòtù rẹ̀ ló wà ní ìfàwọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé e kiri. Bó bá ṣì kù díẹ̀, ẹ máa ki bébà sí abẹ́ igun tó gbé sókè títí yóò fi dúró. Ẹ ka iye bébà náà tàbí kí ẹ wọn bó ṣe ki sí, kí ẹ gé rọ́bà tó ki bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ igun náà.

Táyà kéékèèké abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Bí tábìlì ìkọ̀wé ni, ẹ yọ wọ́n, kí ẹ fi rọ́bà rọ́pò. Táyà irin ń fọ́ táìsì, kì í sì í jẹ́ kí tábìlì dúró lójú kan. Ẹ kó wọn pamọ́ sínú ọ̀rá tiwọn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé abọ́ omi tó kún lé pákó kékeré kan lórí irin náà, kí ẹ fi ọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ irin. Omi lè mì, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ gbọ́ "kọ́" láti ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Pẹ́dà àti wíìlì

Ẹ dá pẹ́dà àti wíìlì padà sí àyè wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré bá wà nínú ilé, tàbí bí ọmọ ọmọ bá ń wá kí yín, ẹ má dá ọ̀pá tó so pẹ́dà mọ́ wíìlì padà. Wíìlì ńlá yẹn wúwo. Bí ọmọ kan bá tẹ pẹ́dà nígbà tí ìka ọmọ kejì wà láàárín ẹ̀ka wíìlì àti irin, ìka náà lè kán. Ẹ fi wáyà so wíìlì mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ níbi méjì lápá ẹ̀yìn, kí ó má lè yí. Pẹ́dà á wá di ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ẹ fún nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì le títí tí kò fi ní yí mọ́ bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí kò ní ọmọdé nílé lè dá gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà. Gírísì díẹ̀ sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan tó.

*Àyẹ̀wò:* Bí ẹ bá ti de wíìlì, ẹ jókòó síwájú rẹ̀, kí ẹ fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ ti pẹ́dà. Pẹ́dà àti wíìlì kò gbọdọ̀ yí.

Ìgbésẹ̀ 7: Pákó orí tábìlì

Ìrókò, apá tàbí tíìkì ni kí ẹ wá. Ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ẹ ó rí wọn. Ẹ ṣọ́ ibi funfun tó wà ní etí pákó, ibẹ̀ ni kòkòrò àti ìkán ti ń bẹ̀rẹ̀, kódà lára ìrókò. Ẹ gé e kúrò. Arère fúyẹ́, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n èékánná lásán máa ń sàmì sí i, iṣẹ́ tí ẹ fi ń kọ́ ọwọ́ ni kí ẹ lò ó fún. Nígbà tí ẹ bá ń fá ìrókò, ẹ lo ìbomú, eruku rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń mú ènìyàn sín.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju orúkọ igi lọ ni gbígbẹ rẹ̀. Onípákó á búra pé ó ti gbẹ. Ẹ gé ẹyọ kékeré láti àárín pákó náà, kì í ṣe láti orí, kí ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kí ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi í sínú yàrá tí tábìlì máa wà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ to àwọn pákó náà nínú ilé, kí ẹ fi igi tín-ín-rín sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí ẹ sì ní sùúrù títí ìwọ̀n náà yóò fi dúró lójú kan.

Ìwọ̀n tábìlì: ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Pákó kò gbọdọ̀ fi ju íǹṣì 4 yọ síwájú ẹsẹ̀ iwájú tàbí sẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá fi ìgbọ̀nwọ́ ti etí rẹ̀ á dà á dé. Lápá ọ̀tún àti òsì, ẹ lè jẹ́ kó yọ tó íǹṣì 8 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gíga ńkọ́? Tábìlì ìkọ̀wé máa ń wà láàárín íǹṣì 28 àti 30. Bí irin yín bá ga ní íǹṣì 28, tí ìdábùú jẹ́ 1, tí pákó sì jẹ́ 1, ó ti di 30 nìyẹn, kò sí àyè fún táyà mọ́.

Ojú igi gbọdọ̀ lọ láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ lẹ pákó méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ kó wọn jọ lásán, kí ẹ sì wo ojú ìsopọ̀ náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ padà sí ìfági. Kílámpù kì í ṣe ohun tí a fi ń fipá mú pákó tó wọ́. Ó tó nígbà tí gọ́ọ̀mù bá yọ wínníwínní ní gbogbo ojú ìsopọ̀. Kó lo ọjọ́ kan kí ẹ tó fá a.

Sáńpépà 80, lẹ́yìn rẹ̀ 120, lẹ́yìn rẹ̀ 220, kí ẹ máa tẹ̀lé ojú igi. Fáníìṣì mẹ́ta sí ojú. *Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé* wọ́n máa ń fi abẹ́ sílẹ̀ lásán, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa rí i. Pákó á máa fa omi láti abẹ́, ojú kò ní máa fà á, gbogbo rẹ̀ á sì ká sókè létí bí ewé. Fáníìṣì mẹ́ta lójú, mẹ́ta lábẹ́, mẹ́ta sí orí gígé méjèèjì. Orí gígé yẹn gan-an ló ń mu omi jù.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé igi ìwọ̀n títọ́ dábùú pákó náà. Àlàfo tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju bí káàdì ATM kan ṣe nípọn tó lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Síso pákó mọ́ irin, kó sì lè mí

Ìdábùú méjì ni ẹ máa fi ṣe é, ọ̀kan lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan lórí ẹsẹ̀ òsì, tí wọ́n ń lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn. Ìdábùú ló máa so mọ́ irin, pákó á sì so mọ́ ìdábùú. Bẹ́ẹ̀ ni pákó á ṣe lè yí ìwọ̀n padà tí kò fi ní máa jà pẹ̀lú irin.

Ẹ gbé ìdábùú lé etí irin, kí ẹ sàmì sí ibi tí ihò wà. Ẹ lu ihò bóòtù, kí ẹ sì fẹ ojú rẹ̀ lókè kí orí bóòtù lè wọlé pátápátá, kó má baà gbé pákó sókè. Ẹ fún nọ́ọ̀tì láti abẹ́ pẹ̀lú wásà. Tó bá ti mú, ó tó: etí irin dídà ni ẹ ń fún yẹn, ó lè já.

Ìdábùú kọ̀ọ̀kan tún máa ní ihò súkúrù mẹ́ta: ọ̀kan láàárín gan-an, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti àárín, ẹ jẹ́ kó ṣe déédéé súkúrù. Ti iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ lu ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fi fáìlì so wọ́n pọ̀ di ihò gígùn tó tó mìlímítà 10, kí gígùn rẹ̀ dojú kọ iwájú àti ẹ̀yìn. Pákó tó fẹ̀ tó íǹṣì 20 lè fẹ̀ sí i tàbí kó dín kù ní mìlímítà 5 láàárín òjò àti ọyẹ́. Inú ihò gígùn yẹn ni súkúrù á ti máa rìn.

Ẹ dojú pákó délẹ̀, ẹ gbé irin lé e, ẹnì méjì ló máa gbé e. Ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó dọ́gba, kí ẹ wá fún súkúrù láti inú ìdábùú pẹ̀lú wásà. Ṣáájú ìyẹn, ẹ wọn súkúrù náà: ó gbọdọ̀ wọ pákó ní nǹkan bíi mìlímítà 15, kó má sì yọ sójú. Pákó tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 1 kì í tó íǹṣì 1 mọ́ tí wọ́n bá ti fá a tán.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* Kápẹ́ńtà á fi gọ́ọ̀mù sí àárín ìdábùú àti pákó nítorí pé ó fẹ́ kó le. Gọ́ọ̀mù yẹn ló ń la pákó. Kò gbọdọ̀ sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ rárá. Súkúrù iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ fún wọn títí wásà yóò fi kan igi, kí ẹ wá dá wọn padà ní ìdámẹ́rin yíyí.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ dá a dúró, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun kan pẹ̀lú ìwọ̀n ara yín. Ẹsẹ̀ òdìkejì kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀.

Bó bá jẹ́ báṣíà, gíláàsì tàbí mábù

Báṣíà ìfọwọ́ rẹwà lórí ẹsẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n gíga ló ń da ènìyàn láàmú. Ẹnu báṣíà máa ń wà ní íǹṣì 32 sí 34 láti ilẹ̀. Irin 28, igi 2, báṣíà tó jókòó lórí rẹ̀ 5: ó ti di 35, ọmọ ilé ìwé kò ní débẹ̀. Báṣíà tí ìdajì rẹ̀ wọ inú pákó ni kí ẹ rà. Ẹ yọ ọ̀pá pẹ́dà kúrò kí páìpù lè rí àyè, kí ẹ jẹ́ kí pọ́ńbà wá wo irin kí ẹ tó gé ihò kankan, kí ẹ sì fi rọ́bà sí abẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin torí omi ilẹ̀.

Gíláàsì: irú èyí tí wọ́n ti fi iná mú le, tó nípọn tó mìlímítà 10, ni kí ẹ bèèrè, kí wọ́n sì fá etí rẹ̀. Kò nílò bóòtù, rọ́bà pẹlẹbẹ mẹ́rin lórí etí irin ló máa jókòó lé. Mábù tó nípọn ní mìlímítà 20, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, tó sì fẹ̀ ní 50, wúwo tó kílò 27. Irin lè gbé e bí kò bá sán, ṣùgbọ́n ẹ fi pílíwúùdù sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì gbé tábìlì náà kiri pẹ̀lú mábù lórí.

Ìtọ́jú

Lẹ́yìn ọyẹ́ àkọ́kọ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ wo ihò gígùn inú ìdábùú. Ẹ ó rí àpá wásà níbi tó ti rìn. Bó bá ti dé òpin ihò, ẹ fi fáìlì fà á gùn sí i ní mìlímítà 3. Ẹ fún bóòtù irin ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀nà oníkọjá-sọ́tùn-ún-kọjá-sósì yẹn, kí ẹ sì fi ọ̀dà bo ibikíbi tó bá ti bó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.